Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kì í jẹ iná púpọ̀



Kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ ìkọ̀wé wa kọ́kọ́ rà ní Parakou, àlòkù ni. Owó rẹ̀ kò wọ́n, inú wa sì dùn. Nígbà tí ìwé owó iná dé, akápò wa ké. Owó tí a tù jọ fún ẹfun ìkọ̀wé ni iná ti jẹ tán. Kí ló fà á?

Nínú kọ̀ǹpútà, ohun pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí ń ṣírò ohun gbogbo. Ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Bí ó ti ń ṣírò ni ó ń jẹ iná, tí ó sì ń gbóná. Wáàtì ni a fi ń wọn iná tí ó ń jẹ. Ó pẹ́ tí ó jẹ́ pé kí ọpọlọ yára nìkan ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é ń wá. Ní 2004, Intel ṣe irú Pentium 4 kan tí ó lè jẹ wáàtì 115.

Àwọn kan ti gba ọ̀nà mìíràn ṣáájú. Ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ kékeré kan wà tí ń jẹ́ Acorn. Ní 1983, Sophie Wilson àti Steve Furber bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọpọlọ kan níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ike bò ó, nítorí ike kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ike kò lè gba ooru púpọ̀. Nítorí náà, ọpọlọ náà kò gbọdọ̀ jẹ tó wáàtì 1. Wọ́n ṣọ́ iná lò gan-an. Nígbà tí ó dé ní oṣù kẹrin 1985, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì ni ó ń jẹ. ARM ni wọ́n pè é. Furber fi òṣùwọ̀n wọn iná rẹ̀, òṣùwọ̀n kò mira rárá. Wọ́n wò ó dáadáa: okùn iná rẹ̀ kò tilẹ̀ so mọ́ ọn! Iná díẹ̀ tí ń jò wọlé láti ara àwọn okùn mìíràn ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ìtàn yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọmọ-ọmọ ARM ni ó wà nínú tẹlifóònù tí ẹ ń mú lọ sí ọjà Arzèkè. Òun náà ni ó wà nínú Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ó jáde ní 2012 ní dọ́là 35. Ẹni tí ó bá ní tẹlifíṣọ̀n lè so ó mọ́ ọn.

Intel náà mú Atom jáde ní 2008. Atom 230 kò jẹ ju wáàtì 4 lọ. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ẹ̀yà mìíràn tí a sábà máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè jẹ ju 20 lọ. Ẹ má béèrè ti ọpọlọ nìkan lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, ẹ béèrè ti gbogbo ẹ̀rọ.

Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ wáàtì 150, tí a sì ń lò ó fún wákàtí 4 lójúmọ́, 600 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 30 ni ó ń jẹ, 120 ni. Akápò wa ló ṣe ìṣirò yìí. Ó kọ ọ́ sára pátákó wa, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún.