Ta Ni Yóò Sọ̀rọ̀ ní Àpérò Dátábéèsì?

Lọ́dún 1974, ní Ann Arbor ní ìpínlẹ̀ Michigan, àwọn ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà pé jọ láti wo ìjà àgbà méjì. Ìjà ẹnu ni o. Edgar Codd ti IBM ní kí wọ́n to àkọsílẹ̀ sínú àtẹ, kí ẹni tó ń wá nǹkan dárúkọ ohun tó ń wá, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá a rí. Charles Bachman ní rárá, ẹni tó ń kọ ètò ló yẹ kó máa tọ ọ̀nà láti orí àkọsílẹ̀ kan dé òmíràn. Àpérò yẹn kan náà ni Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ti gbé SEQUEL jáde, èdè ìbéèrè dátábéèsì tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí SQL. Ó ṣeni láàánú pé Boyce kò rí òkìkí rẹ̀. Ọdún náà ló kú.

Ẹgbẹ́ kékeré kan lábẹ́ ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ló gbé àpérò náà kalẹ̀; SIGFIDET ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ dátábéèsì ń gbòòrò kọjá àwọn tó mojú ara wọn. Ní 1975, ẹgbẹ́ náà ti di SIGMOD, ó sì pàdé ní San Jose. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àpérò mìíràn, VLDB, bẹ̀rẹ̀ ní Framingham, ní Massachusetts.

Ìpè síta, ìyẹn ìkéde pé kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, wá di ẹnu ọ̀nà sí irú àpérò bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ á kéde irú ọ̀rọ̀ tó ń wá àti gbèdéke, olùwádìí á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn òǹkàwé á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó pinnu. Framingham ni Peter Chen, ọ̀dọ́ olùkọ́ ní MIT, ti ṣàlàyé àwòrán rẹ̀ tó ń fi ohun kọ̀ọ̀kan àti àjọṣe wọn hàn. Títí dòní, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ṣì ń ya onígun mẹ́rin àti dáyámọ́ńdì rẹ̀.

VLDB kò jókòó sójú kan: Brussels ní 1976, Tokyo ní 1977, ó sì dé Cairo nílẹ̀ Áfíríkà ní 2000.

Ìbéèrè kan kò yé jà ràn-ìn: ṣé iṣẹ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò ni, àbí orúkọ ẹni tó ṣe é? Ní 2001, SIGMOD ní kí àwọn òǹkọ̀wé yọ orúkọ wọn kúrò lára ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ní 2006, Samuel Madden àti David DeWitt ka ìwé tí SIGMOD gbà ṣáájú òfin náà àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kò dín ìwé àwọn gbajúmọ̀ kù. Kò pẹ́ tí Anthony Tung fi tún ìṣirò náà ṣe, ó ní ìyàtọ̀ wà. Bó ti wù kó rí, ó sàn kí ẹni tí a kò mọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ ló ṣẹ́gun òun.

Àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ dátábéèsì tún ráhùn pé ìgbìmọ̀ ń kọ àbá tuntun tí kò tíì ní ẹ̀rí tó pọ̀. Ìdí nìyẹn tí Michael Stonebraker, Jim Gray àti DeWitt fi dá àpérò CIDR sílẹ̀, tó kọ́kọ́ wáyé ní Asilomar, ní California, ní 2003.

Àwọn tó ń fi dátábéèsì ṣiṣẹ́ òòjọ́ gba ọ̀nà tó rọrùn jù. Ní 2007, Dan Langille bẹ̀rẹ̀ àpérò PGCon ní Ottawa fún àwọn tó ń bá ètò dátábéèsì PostgreSQL ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, ìpè kò béèrè ìwé gígùn: àkòrí àti àlàyé ṣókí nípa ohun tí èèyàn fẹ́ sọ ti tó. PGCon parí ní 2023, PGConf.dev gba ipò rẹ̀ ní Vancouver lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń tọ́jú dátábéèsì ilé ìfowópamọ́ ní Èkó tàbí ti ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn, tó sì ti bá ìṣòro tí ará Ottawa kò bá pàdé rí wọ̀yá ìjà, kí ó kọ àlàyé tirẹ̀ ránṣẹ́ kí gbèdéke tó kọjá.