Dídá igbó ìbílẹ̀ padà fún owó kábọ̀nù

Èyí ni ètò tí wọ́n fi ń jẹ́ kí igi ìbílẹ̀ tún hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti pa igbó rẹ̀ run, kí wọ́n lè ta ìwé-ẹ̀rí èéfín kábọ̀nù tí àwọn igi náà fà mọ́ra. Ìwé-ẹ̀rí kan dúró fún tọ́ọ̀nù kan èéfín náà.

Àpẹẹrẹ kan tó lókìkí ní Áfíríkà ni ti Humbo, ní Etiópíà, tí àjọ World Vision àti àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2006 lórí hẹ́kítà 2,728. Kùkùté tó ṣì láàyè ni wọ́n tọ́jú, ọgbọ́n tí onímọ̀ ọ̀gbìn Tony Rinaudo ti tàn kálẹ̀ ní Maradi, ní Nìjẹ̀r, láti 1983. Òfin tí ètò Humbo tẹ̀lé kò gba ilẹ̀ tí igbó wà lórí rẹ̀ ní ìparí 1989, kí ẹnikẹ́ni má baà gé igbó nítorí owó.

Ọgbọ́n títọ́jú kùkùté yìí bá ọ̀dàn Ṣàrẹ́, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara, mu dáadáa. Bí wọ́n bá gé àyìn tàbí igi emi, kùkùté rẹ̀ á tún rúwé. Èéhù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó le jù ni àgbẹ̀ á dá sí, á rẹ́ ìyókù, á sì ro etí oko yíká kí iná ọyẹ́ má baà wọlé.

Kí ìlú tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn owó kábọ̀nù, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò gba owó, àti ibi tí àwọn obìnrin tó ń ṣa emi yóò ti máa ṣà á.