Orúkọ tí Wọ́n Sọ Ère Willendorf

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ère yìí nínú ìwé, ohun tí ó sọ sí mi lọ́kàn ni pé abiyamọ nìyí. Mo tètè bá ara mi wí. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?

Ère náà kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 11.1 lọ, àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 1908 ni òṣìṣẹ́ kan hú u jáde ní Willendorf, abúlé kan létí odò Danube ní ilẹ̀ Austria, níbi tí àwọn onímọ̀ tí ń walẹ̀ wá ìtàn ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àkóso Josef Szombathy. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọ́n sì fi erùpẹ̀ pupa kùn ún gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi osùn kun ara. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 25 sí 30 ọdún. Ọmú rẹ̀ tóbi, ikùn rẹ̀ yọ, itan rẹ̀ ki, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ tín-ín-rín. Kò ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ní ojú, kò ní imú, kò ní ẹnu. Kìkì irun dídì, tàbí bóyá fìlà híhun, ni ó yí orí rẹ̀ po. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú òkúta náà láìfọ́ ọ sọ pé ó jọ pé àríwá Ítálì ni ó ti wá. Ẹ wo bí wọ́n ti gbé e jìnnà tó, ní ayé tí yìnyín bo òkè!

Wọ́n wá ń pe irú ère báyìí ní Venus. Òrìṣà ìfẹ́ àti ẹwà àwọn ará Róòmù ni Venus, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sì ni ère náà fi ṣáájú Róòmù. Ará Faransé kan, Marquis de Vibraye, ni ó dá àṣà náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1864, tí ó sọ irú ère kékeré kan ní Venus aláìnítìjú. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bú!

Àwọn kan ní òrìṣà ìbísí ni. Àwọn kan ní ọ̀rá ara rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń tọrọ nígbà ìyàn. Ní ọdún 1996, LeRoy McDermott dá a lábàá pé obìnrin ni ó gbẹ́ wọn, tí ó ń wo ara òun fúnra rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ojú. Mo fẹ́ràn àbá yìí, ṣùgbọ́n ta ni ó ń rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ kedere tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ère ìbejì tiwa. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, babaláwo lè ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa bọ́ ọ, a máa fi osùn pa á lára. Síbẹ̀, àgbàlagbà ni agbẹ́gilére ń gbẹ́, tòun ti ọmú àti ilà ojú. Kí àlejò kan wá hú u nílẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 25 ọdún sí i (bí ikán bá gbà), nígbà tí èdè wa ti parẹ́, kí ni yóò pè é? Òrìṣà ìbísí ni. Kò ní mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì rìn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ẹ.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna ni ère náà wà títí di òní. Èmi ń fi orúkọ abúlé tí wọ́n ti rí i pè é, n kò sì fi nǹkan kan kún un.