Owó Orí, Ọkọ̀ Òru àti Òkú Atlanta: Ohun tí Thunder Road Fi Pamọ́

Ní ọdún 1958 ni Robert Mitchum, gbajúgbajà òṣèré Amẹ́ríkà, gbé sinimá Thunder Road jáde. Òun ni ó gbèrò ìtàn náà, òun ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀, òun náà ni ó sì ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, Lucas Doolin. Arthur Ripley ni olùdarí. Doolin ti ogun Kòríà dé, ó sì ń fi ọkọ̀ gbé ọtí tí àwọn ará ilé rẹ̀ pọn ní kọ̀rọ̀ láti orí òkè lọ sí ìgboro lóru. Òṣìṣẹ́ owó orí ń lé e, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àwọn ọ̀daràn ìgboro kan ń fẹ́ gba òwò náà mọ́ wọn lọ́wọ́. (James Mitchum, tí ó ṣe àbúrò Doolin, ọmọ bíbí inú Robert ni, ìrísí wọn jọra púpọ̀.)

Òǹwòran tí kò mọ ìtàn lè rò pé ìfòfindè ọtí ni Doolin ń sá fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1920, ó sì ti dópin ní 1933. Owó orí ni ìjà náà dá lé, ìjà ọ̀hún sì ti pẹ́. Ní 1791 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ bu owó orí lé ọtí líle. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania dìde ní 1794, Ààrẹ Washington kó nǹkan bí 13,000 ọmọ ogun jọ láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Wọ́n fagi lé owó náà ní 1802, ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé mú un padà wá ní 1862. Ní 1951, ó di $10.50 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀dùn ọkàn àgbẹ̀ orí òkè yé ni: àgbàdo wúwo, ọ̀nà kò dára, iye owó tí ìbaaka lè rù sọ́jà sì pọ̀ sí i bí a bá ti sọ àgbàdo di ọtí. Ohun tí bàbá àti bàbá ńlá rẹ̀ ṣe láìtọrọ àyè ni ìjọba wá ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀.

Sinimá náà pa Doolin. Ìtàn gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ní oṣù kẹfà 1949, nínú eré ìje ọkọ̀ ìpele gíga àkọ́kọ́ tí NASCAR ṣe ní Charlotte, Glenn Dunaway ni ó kọ́kọ́ débi òpin, ṣùgbọ́n wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti fún sípíríǹgì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ lágbára, gẹ́gẹ́ bí àwọn agbọ́tí-sálọ ti máa ń ṣe kí ẹrù má baà tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Junior Johnson, ògbóǹtarìgì awakọ̀ ìje, kò bọ́ sọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà rí. Nídìí ìkòkò ọtí bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti mú un ní 1956. Ó ṣẹ̀wọ̀n, Ààrẹ Reagan sì dárí jì í ní 1986.

Ibi tí sinimá náà ti kùnà ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ń mu ọtí náà. Ìjàǹbá ọkọ̀ àti bọ́ǹbù ni ó ń pa ènìyàn nínú rẹ̀. Ọtí kò pa ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù kẹwàá 1951, ọdún méje péré ṣáájú, ọtí tí wọ́n fi methanol lú pa ènìyàn tí ó lé ní 30 ní Atlanta. Aláwọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Àwọn mìíràn fọ́jú. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi rédíétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ pọn ọtí, òjé inú rẹ̀ sì ń yọ́ sínú ohun mímu. Akọni awakọ̀ gbà àánú wa. Ẹni tí ó ra ìgò kò ní ojú, kò ní orúkọ.

Onímọ̀ nípa ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣàì rántí ògógóró. Àdéhùn Saint-Germain ti 1919 fòfin de pípọn ọtí líle ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ amúnisìn, nígbà tí owó ibodè lórí jíìnì òkèèrè ti ń bọ́ àpò ìjọba gúúsù Nàìjíríà tipẹ́. Ní oṣù kẹrin 2015, ikú òjijì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlé, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú wọn ń ṣókùnkùn kí wọ́n tó kú. Àwọn kan sọ pé òrìṣà ni ó ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni.