ỌKỌ̀ AKẸ́RÙ TÒKUNBỌ̀: IBI TÍ Ó TI WÁ, ÀTI OWÓ TÍ Ó Ń JẸ LẸ́YÌN TÍ A BÁ RÀ Á TÁN

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lọ́dún yìí, mo fẹ́ kí a jọ wo ẹ̀yìn lórí ohun kan tí ó ti kó ọ̀pọ̀ ará wa sí gbèsè. Ohun náà ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a ń pè ní píkọ́ọ̀pù, pàápàá èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti lò lókè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oníṣu ń fi í kó iṣu, alátà ń fi í kó ata àti tòmátò lọ sí Ìbàdàn, bíríkìlà ń fi í kó búlọ́ọ̀kù. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti rà á. Lọ́jọ́ tí a bá gbé e dé, a ó ṣe àdúrà sí i, a ó sì jẹ, a ó mu. Owó tí ọkọ̀ náà yóò jẹ lẹ́yìn àdúrà ni a kì í sábà bi ara wa.

KÍ TÒKUNBỌ̀ TÓ GBÒDE

Ojú irin ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí Òkè Ọya. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tí ó sì fi di 1912, ènìyàn lè wọ rélùwéè láti Èkó dé Kano, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e sọdá Odò Ọya ní Jẹ́bà títí afárá ibẹ̀ fi parí ní 1916. Nígbà náà, rélùwéè ni ó ń ru ẹrù wúwo. Bí rélùwéè ṣe ń rẹ̀yìn lẹ́yìn òmìnira ni ẹrù rẹ̀ ń bọ́ sórí títì, tí a sì nílò ọkọ̀ púpọ̀ sí i.

Bedford àti Austin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lójú títì nígbà náà. Àwọn káfíńtà wa ni ó ń fi pákó kan ara wọn. Èyí tí ń kó èrò ni a pè ní bọ́lẹ̀kájà, èyí tí ń ru gẹdú ni a pè ní agbégilódò. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà fi wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì sílẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún ti di àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí, nítorí a óò padà sí i.

Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná níbí. Lọ́dún kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Leyland wà ní Ìbàdàn, Steyr wà ní Bauchi, ANAMMCO tí ń to Mercedes sì wà ní Enugu. Ní 1979 ni Peugeot gbé píkọ́ọ̀pù 504 jáde, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò Òkè Ọya sì tẹ́wọ́ gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kábúrétọ̀ ni ó ń lò, mẹkáníìkì lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì tò ó padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Panteka, ọmọ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta sì ti mọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko. Ẹni tí ó ra 504 nígbà náà ra ọkọ̀, ó sì ra ìmọ̀ tí ó wà nílẹ̀ nípa rẹ̀.

BÍ NÁÍRÀ ṢE WÓ TÍ TÒKUNBỌ̀ FI WỌLÉ

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ṣe òfin ìṣúná ní 1982 láti dín ohun tí à ń rà wọlé kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ kò rí owó ilẹ̀ òkèèrè tó láti fi ra ohun tí wọ́n ń tò. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀, wọ́n sì jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Náírà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là dọ́gba tẹ́lẹ̀ wó lójú ẹsẹ̀, ó di pé ó lé ní 4 kí a tó rí dọ́là kan. Ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára olówó oṣù. Ibẹ̀ ni àlòkù ti rí àyè wọlé.

Àwa Yorùbá ni a fún un lórúkọ. Tòkunbọ̀ ni ọmọ tí a bí sókè òkun tí a sì gbé wálé. Lónìí, Hausa ń pè é bẹ́ẹ̀, Igbo ń pè é bẹ́ẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford pàápàá sì gba ọ̀rọ̀ náà wọlé ní 2020. Àwọn mìíràn a máa pè é ní Bẹ́líjíọ̀mù, nítorí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ gba èbúté ibẹ̀ wá. Àwọn kan gúnlẹ̀ sí Èkó, àwọn kan gúnlẹ̀ sí Kútọnu kí wọ́n tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, títí ìjọba fi fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 2017.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí onílé rẹ̀ fi tà á? Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì wọ́n gan-an, wákàtí wákàtí ni wọ́n ń san án. Bí ọkọ̀ bá gbó, àtúnṣe rẹ̀ lè ju iye tí ọkọ̀ náà tó lọ. Lọ́dọ̀ wa, owó iṣẹ́ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tí ó ti kú lọ́hùn-ún lè jí níbí. Òwò gidi ni èyí jẹ́ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé nígbà tí a bá ń ra tòkunbọ̀, a ń ra àtúnṣe kan tí onílé rẹ̀ kò fẹ́ sanwó fún.

ÀWỌN ÀÌSÀN TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Èkíní ni irin tí ó dógùn-ún. Ní ibi tí yìnyín ti ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí a máa jẹ férémù ọkọ̀ lábẹ́, níbi tí ojú kò tó. Píkọ́ọ̀pù Toyota Tacoma àti Tundra kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà débi pé àwọn tó ni wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 2016, Toyota gbà láti yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ètò tí iye rẹ̀ lè tó dọ́là bílíọ̀nù 3.4, fún ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ẹni tí ó wà lọ́hùn-ún rí férémù gbà. Ẹni tí ó ra irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, wẹ́dà ni yóò wá. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ yẹ kí ó kọ wá lóminú. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ rọra kàn án: irin tó le a dún gan-an, èyí tó ti jẹrà a dún bọ̀tìbọ̀tì.

Èkejì ni sítíárìn tí a gbé láti ọ̀tún sí òsì. Ọkọ̀ tí ó ti Japan tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Láti 1972 ni irú rẹ̀ kò ti bá títì wa mu mọ́, nítorí náà wọ́n a gé e, wọ́n a jó o pọ̀ ní òdìkejì. Bí iṣẹ́ náà kò bá dára, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ru ẹrù wúwo sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ni a óò mọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ a máa gba ìyà. Ti ìsinsìnyí ń fi agbára ńlá fún epo gba ojú ihò tó tín-ín-rín púpọ̀. Omi díẹ̀ tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ nínú epo tó láti ba injẹ́kítọ̀ jẹ́, a kì í sì í sábà tún un ṣe, ńṣe ni a ń pààrọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn píkọ́ọ̀pù ńláńlá, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì lítà 6.0 tí Ford fi sínú F-250 àti F-350 láti 2003 sí 2007 lókìkí burúkú ní Amẹ́ríkà: ohun tí ń tu epo ẹ́ńjìnì lára a máa dí, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì a sì máa jó. Nígbà mìíràn, wọ́n ní láti gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí férémù kí ọwọ́ tó dé ibi tí wọ́n ń tún ṣe. Bí irú rẹ̀ bá pọ́ọ́kú lọ́jà, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ̀kẹrin ni gbígbóná. Bí ẹ́ńjìnì bá ń gbóná, mẹkáníìkì mìíràn a yọ tamósítáàtì sọnù. Ara rẹ̀ a tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò ní gbóná tó bí ó ti yẹ mọ́, yóò máa mu epo, rédíétọ̀ tó dí tí ó fa wàhálà náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. A fi ewé bo egbò ni.

Ẹ̀karùn-ún ni ọkọ̀ tí omi ti mù. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní Amẹ́ríkà ní 2005, ọkọ̀ tí ó rì sómi pọ̀ rẹpẹtẹ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dán lójú, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Ẹ ká rọ́ọ̀gì ilẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ wo ẹrẹ̀, ẹ gbóòórùn.

OWÓ ÌTÚNṢE: NÁÍRÀ Ń WỌLÉ, DỌ́LÀ Ń JÁDE

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan ń jẹ́ dọ́là 200 lókè òkun. Ní 1985, kò tó náírà 200. Ní 1999, ó ti di nǹkan bí náírà 18,000. Ní 2014, nǹkan bí 32,000. Lẹ́yìn tí ìjọba tún jọ̀wọ́ náírà ní oṣù kẹfà 2023, ó di nǹkan bí 300,000 ní 2024. Ẹ̀yà kan náà ni o. A kò tilẹ̀ tíì san owó ọkọ̀ ojú omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè oníṣòwò.

Náírà ni píkọ́ọ̀pù wa ń pa wọlé lójú ọ̀nà Kàdúná sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n dọ́là ni ó ń jẹ. Nígbà ayé 504, owó iṣẹ́ tí kò wọ́n ń gbà wá là, nítorí mẹkáníìkì lè fọ ohun tó dọ̀tí, kí ó sì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Nínú ọkọ̀ ìsinsìnyí, odindi ẹ̀yà ni a ń pààrọ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ó dà bí ẹni pé kò wọ́n fi lè jẹ owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ run, tí ẹni tó yáwó yóò sì máa san gbèsè ọkọ̀ tí ó ti dúró sórí búlọ́ọ̀kù.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kankan láàárín wa má ṣe yá ènìyàn ní gbogbo owó ọkọ̀ láì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Ní èrò tèmi, ìdá kan nínú márùn-ún owó ọkọ̀ kò pọ̀ jù fún ọdún àkọ́kọ́. Ìkejì, kí a sanwó fún mẹkáníìkì tí kò mọ ẹni tí ń tà á, kí ó yẹ ọkọ̀ wò kí a tó nawó. Ìkẹta, kí a ka nọ́ńbà ara ọkọ̀. Ó máa ń jẹ́ àmì 17 fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti 1981. Èyí tí ó ṣe ìkẹwàá lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń sọ ọdún rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ń tajà. Táyà náà ní ọjọ́ orí: nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn ni ó ń sọ ọ́. Bí a bá rí 3214, ọ̀sẹ̀ 32 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ìkẹrin, àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tí a máa ń ra ọkọ̀ ní gbàǹjo, kí a béèrè ìwé àkọsílẹ̀ àtúnṣe rẹ̀. Ọkọ̀ tí a mọ ìtàn rẹ̀ sàn ju èyí tí ń dán lọ.

Ìparí rẹ̀ ni ti àwọn ọmọ wa. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. A kò mọ iye ìgbà tí yóò gbà kí òṣìṣẹ́ tó lè rà á. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa rán ọmọ díẹ̀ lọ kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Ìmọ̀ tí ó yí 504 ká ni ó sọ ọ́ di ọkọ̀ mẹ̀kúnnù. Bí ìmọ̀ kò bá yí èyí tí a ń rà nísinsìnyí ká, kò sí àdúrà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí yóò dín owó rẹ̀ kù.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a ra gbèsè sọ́wọ́. Kí ó máa ṣọ́ àwọn ará wa tí ń bẹ lójú ọ̀nà. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.