Àìsàn Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Tí ọpọlọ ènìyàn bá dàrú, àwọn kan á ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń jà á, wọn á sì gbé pàṣán. Abu Zayd al-Balkhi, onímímọ̀ ará Balkh tí ó kú ní ọdún 934, kò rí i bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Masalih al-Abdan wa al-Anfus, ó ṣàlàyé pé bí ara ṣe ń ṣàìsàn ni ọkàn náà ń ṣàìsàn. Ó pín ìbànújẹ́ sí méjì. Èyí tí a mọ ìdí rẹ̀, bí ikú ẹni tàbí òfò, ọ̀rọ̀ ìtùnú àti èrò rere ni oògùn rẹ̀. Èyí tí kò ní ìdí kan pàtó, inú ara ló ti ń wá, nítorí náà kí a tọ́jú ara.

Ní 1284, Sultan Qalawun parí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Káírò. Àwọn wèrè ní àyè tiwọn níbẹ̀, dúkìá tí ó yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun ni wọ́n sì fi ń tọ́jú wọn.

Sharia pàápàá gbé ìrun àti ààwẹ̀ kúrò lọ́rùn wèrè títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà. Ẹni tí Ọlọ́hun kò béèrè ìrun lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni àwa fẹ́ fi pàṣán béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?