Bíréèkà: Ọlọ́dẹ Tí Ń Ṣọ́ Iná Ilé

Bí bíréèkà bá ń já lemọ́lemọ́ nínú ilé ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Bíréèkà yìí ti bàjẹ́.” Ẹlòmíràn a ní kí wọ́n fi wáyà so iná kọjá, kí ó má gba inú rẹ̀ mọ́. Kí a tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Láyé ìgbà náà, fíúùsì ni ó ń ṣọ́ iná. Thomas Edison ará Amẹ́ríkà ti gba ìwé-àṣẹ lórí fíúùsì ní 1890. Wáyà tín-ín-rín ni, tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè yọ́ kí wáyà inú ògiri tó gbóná jù. Ẹ̀yin ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ̀ pé bí òwú bá le jù, ibi tí ó tín-ín-rín ni yóò ti já. Bẹ́ẹ̀ ni fíúùsì rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ́, ó parí. Òmíràn ni a ó fi sí i. Ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé: ẹni tí kò rí wáyà tí ó yẹ a fi èyí tí ó nípọn dí i. Iná yóò tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ilé mọ́.

Ní 1924, ní ìlú Mannheim ní Jámánì, Hugo Stotz àti Heinrich Schachtner ṣe bíréèkà kékeré tí a lè dá padà bí ó bá já. Ohun méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Èkíní ni irin pẹlẹbẹ oríṣi méjì tí a lẹ̀ pọ̀. Alágbẹ̀dẹ Ṣakí mọ̀ pé irin a máa gùn bí ó bá gbóná. Ṣùgbọ́n oríṣi kan a máa gùn ju èkejì lọ. Nítorí náà, bí iná tí ń kọjá bá pọ̀ jù, irin náà a tẹ̀, a sì já iná. Èkejì ni wáyà tí a ká, tí ó ń di mágínẹ́ẹ̀tì. Bí wáyà méjì bá kanra níhòòhò, iná a rọ́ wá lójijì, mágínẹ́ẹ̀tì náà a sì já a kí a tó ṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Lórí iná fóòlù 230, áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù àti sítóòfù oníná, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ wáàtì 2,000, yóò fa iná tí kò tó ámúpù 9. Bí a bá tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó di bíi 26. Bíréèkà 16 kò ní pẹ́ já.

Láti ayé ECN dé ayé NEPA ní 1972, títí IBEDC fi gbà á ní 2013, iná a máa lọ, a sì máa padà. Bí ó bá padà, fíríìjì àti ẹ̀rọ tí ń fa omi a gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ onímọ́tọ̀ a sì máa fa iná ní ìlọ́po-ìlọ́po nígbà tí ó bá ń gbéra. Nígbà náà ni bíréèkà ń já.

Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ pa àwọn ẹ̀rọ ńlá. Bí ó bá dé, ẹ tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bíréèkà bá sì tún já nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ wà ní pípa, ẹ má fi agbára dá a padà. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́. Ní àkókò ọyẹ́, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ ní ilẹ̀ wa, iná kékeré kì í pẹ́ di ńlá. Ajá tí ó gbó lóru jí wa lójú oorun, ṣùgbọ́n a kì í torí ìyẹn pa á.